Àbúrò Mi, Fọwọ́ Ara Rẹ Fi Hẹ́dà Sídìí Píkọ́ọ̀pù Rẹ

Àbúrò mi, tí o bá ń gbé Houston níbí, tí Chevrolet Silverado rẹ sì ti ń dàgbà, súnmọ́ mi díẹ̀. O lè fúnra rẹ tú mánífóòdù tó bá ọkọ̀ náà wá, ìyẹn irin tó ń kó èéfín jáde lára ẹ́ńjìnnì, kí o fi hẹ́dà rọ́pò rẹ̀, níwájú ilé rẹ, láìsan kọ́bọ̀ owó iṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì lítà 5.3 tó wà nínú àwọn Silverado ọdún 1999 sí 2007 ni mo mọ̀ dunjú, òun ni n ó máa tọ́ka sí. Mo jẹ́wọ́ fún ọ, ìró rẹ̀ ló kọ́kọ́ wù mí. Tí V8 bá ń mí dáadáa, inú mi a máa dùn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Iṣẹ́ hẹ́dà kò ṣòro láti yé ọ. Sílíńdà mẹ́rin ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú mánífóòdù, èéfín àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń já sójú ọ̀nà tóóró kan náà, wọ́n sì ń dínà mọ́ra wọn. Hẹ́dà fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní páìpù tirẹ̀, wọ́n á sì pàdé níwájú. Èéfín tó ti ṣíwájú á máa fa èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn jáde.

Tó bá kan rírà, èyí tó kúrú ni kí o rà. Mo mọ̀ pé èyí tó gùn máa ń fún ọkọ̀ lágbára jù ú lọ, ṣùgbọ́n á ní kí o gé páìpù, kí o fa wáyà sẹ́ńsọ̀ gùn, kí o sì ṣí kátálíìsì, tó ń fọ èéfín mọ́, nípò. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo afẹ́fẹ́ kò fàyè gba yíyọ kátálíìsì sọnù rárá. Lóòótọ́ ni Texas ti dá àyẹ̀wò ààbò ọkọ̀ ara ẹni dúró láti oṣù kìíní 2025, àmọ́ wọ́n ṣì ń yẹ èéfín ọkọ̀ wò ní Harris County wa níbí. Ọmọ ìyá wa tó bá wà ní California gbọ́dọ̀ rí i pé hẹ́dà náà ní nọ́ńbà àṣẹ CARB, àjọ tó ń bójú tó afẹ́fẹ́ níbẹ̀, lára. Èyí tó kúrú á jókòó síbi tí mánífóòdù jókòó sí, á pàdé páìpù àtijọ́, kátálíìsì ò ní kúrò níbi tó wà. Kí o tó sanwó, yẹ mánífóòdù rẹ wò bóyá páìpù kékeré kan wọ ara rẹ̀. Tó bá wà, hẹ́dà tuntun gbọ́dọ̀ ní ihò tirẹ̀ fún un.

Wàyí o, gbọ́ ibi tí iṣẹ́ yìí wà gan-an: nọ́ọ̀tì àtijọ́. Mẹ́fà ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, méjìlá lápapọ̀. Orí ẹ́ńjìnnì yìí, alúmíníọ́ọ̀mù ni. Mánífóòdù, irin ni. Tí iná bá mú wọn, alúmíníọ́ọ̀mù máa ń wú tó ìlọ́po méjì bí irin ṣe ń wú, nígbà tó bá sì tutù, olúkúlùkù á sún padà. Bí wọ́n ti ń fa ara wọn sọ́tùn-ún sósì lọ́dọọdún, nọ́ọ̀tì tó wà ní ìpẹ̀kun ni ìyà ń jẹ jù, pàápàá èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ibi ìjókòó awakọ̀. Tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀ kí o tó ra ohunkóhun. Mo lè fi dá ọ lójú pé ọ̀pọ̀ Silverado ló ń rìn kiri Houston tí orí nọ́ọ̀tì ẹ̀yìn wọn ti já, tí olówó wọn kò sì mọ̀. Ìró tí-tí-tí tí wọ́n ń gbọ́ láàárọ̀ ni wọ́n ń pè ní ogbó.

Nítorí náà, má ṣe kánjú. Bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ mélòó kan ṣáájú: ní alaalẹ́, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù pátápátá, fín epo tó ń wọ ìpẹtà sídìí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan. Má fín in sára ẹ́ńjìnnì gbígbóná o, epo yẹn ń gbiná.

Lọ́jọ́ iṣẹ́, tú orí bátìrì kúrò, kí o fi igi di ẹ̀yìn táyà ẹ̀yìn. Gbé iwájú ọkọ̀ sókè, kí o sì gbé e lé sìtáǹdì irin. Jọ̀ọ́, má wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e ró, bó ti wù kí ó yá tó. Yọ táyà iwájú àti rọ́bà tó bo inú ibẹ̀. Wo ọ̀nà! Láti ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ á ti tó ohun tí kò lè tó láti òkè.

Lo sọ́kẹ́ẹ̀tì ojú mẹ́fà, torí olójú méjìlá máa ń bó orí nọ́ọ̀tì. Kọ́kọ́ yí nọ́ọ̀tì díẹ̀ bí ẹni pé o fẹ́ fún un le, lẹ́yìn náà kí o wá tú u. Tó bá ké, dúró, dá a padà, fín epo sí i, tún tú u. Lọ, bọ̀, lọ, bọ̀. Eyín tó wà nínú alúmíníọ́ọ̀mù yẹn lò ń tọ́jú. Bí ọ̀kan bá sì já, kò tíì parí: pe ẹni tó ń jó irin kó jó nọ́ọ̀tì tuntun mọ́ kùkùté rẹ̀. Iná yẹn fúnra rẹ̀ á tú ìpẹtà, sípánà á sì rí ibi dì mú.

Àṣírí kékeré tí mi ò lè ṣe aláìlò: ya àwòrán orí ẹ́ńjìnnì sára páálí, kí o máa gún nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan mọ́ ibi tí o ti yọ ọ́. Páìpù ọ̀pá tí a fi ń wọn epo ẹ́ńjìnnì, ní ẹ̀gbẹ́ èrò, ní nọ́ọ̀tì tirẹ̀. Òun ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé.

Ọwọ́ rẹ ńkọ́? Kí o tó wọ ìbọ̀wọ́, fi òrí pa á dáadáa, kí o sì fi èékánná họ ọṣẹ dúdú kí ó kún abẹ́ wọn. Girísì ò ní ráyè wọlé, omi díẹ̀ ló sì máa fọ ohun gbogbo lọ. Bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà, di irun rẹ sínú síkáàfù. A lè ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì ká sì tún lọ sí òde ìgbéyàwó lọ́jọ́ kejì, kí ẹnikẹ́ni má mọ̀.

Fífi tuntun sí i yá. Ha ojú orí ẹ́ńjìnnì mọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Gáskẹ́ẹ̀tì onírin alápapọ̀ ni kí o lò, má lo ti bébà, má sì fi gọ́ọ̀mù kankan sí i. Fi ìka wọ gbogbo nọ́ọ̀tì kí o tó fún ọ̀kan ṣoṣo le. Láti àárín ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o máa bọ́ sọ́tùn-ún sósì títí dé ìpẹ̀kun. Tí ìwé tó bá hẹ́dà rẹ wá kò bá sọ ohun mìíràn, ti ilé-iṣẹ́ ni 11 lb-ft lẹ́ẹ̀kíní, 18 lb-ft lẹ́ẹ̀kejì. Wáyà púlọ́ọ̀gì kò gbọdọ̀ fara kan páìpù. Ra ìbọ̀ tó ń gba ooru fún wọn.

Kí o tó tan ọkọ̀, fi ọtí ìmọ́tótó nu gbogbo ara hẹ́dà náà. Tí àmì ìka rẹ bá wà lára rẹ̀ nígbà tí iná bá mú un, á ṣòro kí ó tó kúrò mọ́!

Gbangba ìta ni kí o ti tan án. Á rú èéfín díẹ̀ bí òróró tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ ṣe ń jó, má bẹ̀rù. Èyí tó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù ni kábọ̀nù mọnọ́sáídì, tí kì í rùn, tó sì ń pa èèyàn nínú gáréèjì tí a tì pa. Fetí sílẹ̀: tí o bá gbọ́ tí-tí-tí, èéfín ń jò níbì kan. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbóná tó sì ti tutù pátápátá, padà lọ fún nọ́ọ̀tì méjèèjìlá le, nítorí wọ́n á ti dẹ̀ díẹ̀.

Mánífóòdù àtijọ́, má sọ ọ́ nù tí kò bá là. Fi epo pa á kó má dípẹtà, kọ ọ̀tún tàbí òsì sí i lára, wé e sínú ọ̀rá. Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ ta ọkọ̀ náà, ẹni tó fẹ́ rà á lè bi ọ́ bóyá ó ṣì wà.