Gẹ̀gẹ̀: Ṣé Iyọ̀ Nìkan Tó?

Ìbéèrè: Iwájú ọrùn ìyá mi wú. Wọ́n ní gẹ̀gẹ̀ ni, pé iyọ̀ oní-áyódíìnì yóò wò ó. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má gbára lé iyọ̀ nìkan. Lóòótọ́, àìtó áyódíìnì máa ń fa gẹ̀gẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Nàìjíríà fi ń fi í sínú iyọ̀ láti 1993. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ti ń jẹ iyọ̀ yìí tipẹ́ bá ṣì ní gẹ̀gẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ohun mìíràn wà nídìí rẹ̀. Bí àyà bá ń já wọn, tí wọ́n sì ń rù, áyódíìnì àpọ̀jù lè dá kún un. Ẹnìkan lè ní kò kúkú dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí ẹ fọkàn balẹ̀, torí wíwú náà lè jẹ́ jẹjẹrẹ, jẹjẹrẹ ibẹ̀ kì í sì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀. Ẹ mú wọn lọ fún àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Bí èémí tàbí oúnjẹ bá ń há wọn lọ́fun, ẹ lọ lónìí.