Ráútà Méjì Nínú Ilé Kan: Èwo Ni Olórí?

Ẹ̀kọ́ wa ti ìgbà yìí dá lórí ẹ̀rọ tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì kiri inú ilé, èyí tí gbogbo wa ń pè ní ráútà. Ohun tó mú wa mú un wá ni pé nínú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ tí a ń yẹ ìwé wọn wò, ilé akọ̀wé tàbí ti akápò ni kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ wà. Àkọsílẹ̀ owó ìfipamọ́ àti owó yíyá gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Bí a bá ti so ráútà irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀ràn onílé nìkan mọ́.

Ráútà kan kì í sábà tó fún ilé ńlá. Ògiri búlọ́ọ̀kù tó nípọn ń dín agbára rẹ̀ kù. Ẹni tó wà ní pálọ̀ ń gbádùn, ẹni tó wà ní yàrá ẹ̀yìn ń na fóònù sókè lójú fèrèsé. Bàálé ilé yóò ra èkejì, yóò fi wáyà so ó mọ́ ti àkọ́kọ́, yóò sì tan án. Nígbà mìíràn ó ń ṣiṣẹ́. Nígbà mìíràn, fóònù yóò fi àmì Wi-Fi hàn ṣùgbọ́n ohunkóhun kò ní ṣí, kọ̀ǹpútà ẹ̀yìn kò sì ní rí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó wà ní pálọ̀. Wọn á ní ráútà ti bàjẹ́, wọn á tún lọ ra ẹ̀kẹta. Ẹ wo owó tó ṣòfò!

Kí ló fà á? Gbogbo fóònù àti kọ̀ǹpútà tó bá wọlé sórí ráútà ni ó ń fún ní nọ́ńbà, bí akọ̀wé ti ń fún ọmọ ẹgbẹ́ tuntun ní nọ́ńbà. DHCP ni orúkọ iṣẹ́ yìí lára ẹ̀rọ náà. Ráútà tuntun sábà máa ń ti ilé iṣẹ́ jáde pẹ̀lú DHCP ní títàn, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń jẹ́ 192.168.1.1 tàbí 192.168.0.1. Ẹ fojú inú wo ẹgbẹ́ tó ní akọ̀wé méjì, tí oníkálukú mú rẹ́jísítà tirẹ̀ lọ́wọ́, tí àwọn méjèèjì sì fún ènìyàn méjì ní nọ́ńbà 105. Ta ni a ó san owó 105 fún? Ní àfikún, fóònù tó gba nọ́ńbà lọ́wọ́ ráútà kejì yóò máa wá íntánẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ rẹ̀, nígbà tí kò sí níbẹ̀.

Ẹ yan olórí kan: ráútà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Kí ẹ tó so èkejì mọ́ ọn, ẹ kọ́kọ́ fi wáyà so èkejì nìkan mọ́ kọ̀ǹpútà kan. Ẹ ṣí ojú ewé ètò rẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí a kọ Access Point sí, ẹ yàn án, iṣẹ́ parí. Bí kò bá sí, ẹ yí nọ́ńbà rẹ̀ padà sí 192.168.1.2, bí olórí bá ń jẹ́ 192.168.1.1, kí ẹ sì rí i pé 2 yẹn kò sí nínú àwọn tí olórí ń pín. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pa DHCP rẹ̀. Wáyà láti ọ̀dọ̀ olórí yóò wọ ihò LAN, kì í ṣe WAN. Wáyà náà kò gbọdọ̀ ju 100 mítà lọ. Bí ráútà méjèèjì bá súnmọ́ra, ẹ fún wọn ní ojú ọ̀nà tó yàtọ̀ lórí 2.4 GHz: 1, 6 tàbí 11.

Ọ̀nà mìíràn wà, òun ló sì kan ìwé ẹgbẹ́ jù. Nínú èyí, wáyà yóò wọ WAN, DHCP yóò wà ní títàn, nọ́ńbà ráútà kejì yóò sì di 192.168.2.1. Ó wá dà bí yàrá inú tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí láti inú nìkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi àlejò àti ayálégbé sórí ráútà kejì yìí, wọ́n rò pé àwọn ti yà wọ́n sọ́tọ̀. Òdìkejì gan-an ni! Ẹni tó wà nínú lè jáde wá wo kọ̀ǹpútà tó wà lóde. Ẹni tó wà lóde ni kò lè ṣàdédé wọlé. Kọ̀ǹpútà ẹgbẹ́ àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ ni kí ó wà ní inú, kí àlejò wà ní òde. Kò tán síbẹ̀ o: ẹni tó bá fẹ́ máa fi fóònù wo kámẹ́rà yàrá inú láti ọ̀nà jíjìn lè rí i pé kò rọrùn mọ́.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ yí password tó wà lára ráútà méjèèjì láti ilé iṣẹ́ padà. Ẹ kọ nọ́ńbà tuntun ti èkejì sórí bébà kékeré, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò Reset, torí ráútà náà yóò padà sí bó ti ti ilé iṣẹ́ wá, DHCP rẹ̀ yóò sì tún tàn.