Mo Gbá Màmá Lọ́wọ́

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ọdún kẹta rèé tí màmá mi ti ń ṣarán. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wà ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Tó bá di òru, wọ́n á di ẹrù, wọ́n á ní àwọn ń lọ sílé ọkọ àwọn, bẹ́ẹ̀ bàbá mi ti kú tipẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ń fowó ránṣẹ́. Àbíkẹ́yìn wa wà l'Ékòó, ó ní iṣẹ́ ò jẹ́ kóun ráyè. Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, màmá da ẹ̀kọ gbígbóná sí mi lára, mo pariwo mọ́ wọn, mo sì gbá wọn lọ́wọ́. Nígbà mìíràn mo máa ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tètè pè wọ́n. Ṣé ọmọ burúkú ni mí? — Ọmọ Màmá

ÌDÁHÙN: Arábìnrin mi, ẹ kú ìrójú. Ẹ kì í ṣe ọmọ burúkú. Àdúrà yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ló ti sọ ọ́ fún mi ní kọ̀rọ̀. Ìsinmi ni wọ́n ń tọrọ. Ṣùgbọ́n mi ò ní fojú fo ti ọwọ́ tí ẹ gbá. Ó fi hàn pé agbára yín ti pin. Tí inú bá tún ru, ẹ rí i pé kò sí ohun tó lè ṣe màmá léṣe nítòsí, kí ẹ bọ́ síta, kí ẹ mí kanlẹ̀.

Oorun ni ká kọ́kọ́ mú. Àrùn iyè-ríra tó ń mú màmá ṣarán máa ń dojú ọ̀sán àti òru rú fún arúgbó. Ẹ gbé màmá síta láàárọ̀ kí ìmọ́lẹ̀ kàn wọ́n, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sùn pẹ́ lọ́sàn-án. Nípa ilé ọkọ, ẹ má sọ pé bàbá ti kú: ṣe lẹ ó máa túfọ̀ fún wọn lóròòru. Ẹ ní kí wọ́n sọ nípa bàbá fún yín, kí ẹ máa rọra mú wọn padà sórí ibùsùn. Tó bá jẹ́ òjijì ló le sí i, ọsibítù ni. Ibà tàbí àìsàn inú ìtọ̀ lè wà nídìí rẹ̀.

Ní ti ẹrù tó wọ̀ yín lọ́rùn yìí, nígbà tí Adéoyè Lambo, dókítà àìsàn ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé fún àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954, ẹbí máa ń bá aláìsàn wá, ṣùgbọ́n ará abúlé ló ń gbà wọ́n sílé, dókítà àti nọ́ọ̀sì sì wà nítòsí. Wọn ò di ẹrù náà lé ẹnì kan ṣoṣo lórí. Àwa ń dì í lé ọmọbìnrin tó bá wà nílé lórí, a ní ìfẹ́ ìyá ni. Ìrẹ́jẹ ni.

Nítorí náà, ẹ pe ẹ̀gbọ́n àti àbíkẹ́yìn pọ̀ lórí fóònù, ẹ má sì kàn ní “ẹ ràn mí lọ́wọ́.” Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n pé kó sanwó ẹni tí yóò máa sùn ti màmá lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Kí àbíkẹ́yìn máa wá lópin ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Kí àgbà ẹbí kan wà lórí ìpè náà o, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Èkó máa ń dédé bàjẹ́ nídìí irú ọ̀rọ̀ báyìí.

Ní ọsibítù UCH tó wà nítòsí yín, ibùdó ìtọ́jú arúgbó ti wà níbẹ̀ láti 2012. Ẹ gbé màmá lọ, kí ẹ sì sọ tiyín náà fún dókítà. Bí ìbànújẹ́, àìsùn tàbí àìlèjẹun bá ti bá yín fún ọ̀sẹ̀ méjì, àìsàn tó ní ìtọ́jú lè ti wọlé. Bó bá wá jẹ́ pé ikú tiyín lẹ ń rò, ẹ lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnì kan tẹ̀ lé yín.