Ẹnu Àáké Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Kò sí ọmọ Yorùbá tí òwe yìí ṣókùnkùn sí, n kò sì ní fi ìtumọ̀ rẹ̀ fa ọ̀rọ̀ gùn. Ibi tí wọ́n ti ń lò ó báyìí ló ń bí mi nínú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ládùúgbò wa ní Lọ́kọ́jà ra Mercedes SLK 350, tòkunbọ̀, ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì tí òrùlé rẹ̀ máa ń ká ara rẹ̀ wọ inú bùútù. Mo bi í pé, “Ọmọ mi, èló lo yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú rẹ̀?” Ó rẹ́rìn-ín, ó pa òwe yìí fún mi, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì pàtẹ́wọ́. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni tówíìn wọ́ ọkọ̀ ọ̀hún kúrò ní àdúgbò Felele lọ́sàn-án gangan.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó yọ ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ó yí inú rẹ̀ síta, ó fi ìka ha á. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọ́ìlì mọ́. Ó ti dì, ó dúdú, kò sì fẹ́ kúrò ní ìka rẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí ìwé pélébé kan ní igun gíláàsì iwájú, irú èyí tí àwọn tó ń yí ọ́ìlì ní Amẹ́ríkà máa ń lẹ̀ mọ́ ọkọ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí wọ́n yí ọ́ìlì tó kàn ní 81,000 máìlì. Mo wo dáṣíbọ́ọ̀dù: ó ti lé ní 93,000. Ọkọ̀ yìí ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín l’Ámẹ́ríkà, ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi, ó ti kọjá lọ́wọ́ àwọn alágbàtà, ó ti dé Lọ́kọ́jà, ó sì ti ń sáré lọ sí Àbújá. Nínú gbogbo àwọn tó jókòó nídìí ọwọ́ ọkọ̀ náà, kò sí ẹnì kan tó ka ìwé pélébé yẹn.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo kórìíra ọkọ̀ eré. Mo fẹ́ràn wọn gan-an. Bí SLK tí wọ́n tọ́jú bá jáde láti Lọ́kọ́jà ní ìdájí, tó gba afárá Jàmátá kọjá, ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ máa ń dùn mọ́ mi. Nítorí náà ló ṣe ń dùn mí bí wọ́n bá fi ìwà àìbìkítà pa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹ̀tàn wà. Kí ló dé tí ọkọ̀ tó jẹ́ ti olówó nígbà tó wà ní tuntun fi wá sún mọ́ iye Corolla? Ọkọ̀ ń gbó, owó rẹ̀ ń wálẹ̀. Owó páàtì rẹ̀ kò bá a wálẹ̀. Ẹni tó ń ta páàtì SLK kò bèèrè pé èló lẹ ra ọkọ̀ yín. Iye tó bá owó ọkọ̀ náà mu nígbà tó wà ní tuntun ni yóò pè. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀, tí dọ́là kan kúrò ní bí ₦460 tó sì kọjá ₦1,500 kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí, ọ̀rọ̀ yìí ti di ọ̀ràn. Páàtì Corolla àti Camry kò ṣòro láti rí ní Lọ́kọ́jà. Ti SLK, ẹ ó pe àwọn tó ń ta páàtì ní Apo ní Àbújá tàbí Ládípọ̀ ní Èkó, ẹ ó san owó rẹ̀, ẹ ó san owó ọkọ̀ tó gbé e wá, ẹ ó sì máa gbàdúrà kó má jẹ́ àdàmọ̀dì.

Gbèsè mẹ́ta ni irú ọkọ̀ yìí máa ń kó bá ẹni tó bá rà á. Èkíní ni gbèsè ìrìn. SLK 350 ń gba bíi lítà 8 ọ́ìlì. Corolla ń gba bíi lítà 4. Ọ́ìlì tí àwọn ará Jámánì fọwọ́ sí ló sì ń fẹ́, kì í ṣe èyíkéyìí tó bá wà nínú gálọ́ọ̀nù. Láti Lọ́kọ́jà sí Àbújá tó bíi 200 kìlómítà. Ẹni tó bá ń lọ tó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, yóò rin nǹkan bí 20,000 kìlómítà láàárín ọdún kan, láìka ìrìn inú ìlú. Bó bá ń yí ọ́ìlì ní 8,000, ìgbà mẹ́ta ni yóò yí i lọ́dún, lítà 24 nìyẹn, pẹ̀lú fílítà mẹ́ta. Ṣé ẹ ti ka ọ́ìlì jíà, tó yẹ kí wọ́n yí ní nǹkan bí 60,000 kìlómítà, tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì sì máa ń sọ pé kò sí ìgbà kankan tí wọ́n ń yí i? Ẹ má gbà wọ́n gbọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún máìlì àti kìlómítà pẹ̀lú. Máìlì ni ọkọ̀ tó ti Amẹ́ríkà wá ń kà, máìlì kan sì ju kìlómítà kan ààbọ̀ lọ. Bí mẹkáníìkì bá ní kí ẹ padà wá lẹ́yìn 8,000, kìlómítà ló ní lọ́kàn. Bí ẹ bá fi dáṣíbọ́ọ̀dù tó ń ka máìlì dúró dè é, ẹ ó ti rin nǹkan bí 13,000 kìlómítà kí ẹ tó padà. Bí ìwé ọkọ̀ bá sì ní 10,000 máìlì, ẹ gé e sí méjì. Ojú ọ̀nà tó tẹ́jú àti afẹ́fẹ́ tó mọ́ ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Eruku ọyẹ́, ooru Lọ́kọ́jà, àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ lẹ́yìn tírélà sìmẹ́ǹtì Ọbájánà kò sí nínú ìṣirò wọn.

Èkejì ni gbèsè ọdún, òun ló sì máa ń tan ẹni tó ra ọkọ̀ eré jẹ jù. Ọ̀pọ̀ ń sọ pé, “Èmi kì í wà á ju òpin ọ̀sẹ̀ lọ.” Bí ọkọ̀ bá dúró sójú kan, ọjọ́ orí ṣì ń gun ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọ́ìlì bíréékì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó yẹ kí wọ́n dà á nù, yálà ọkọ̀ rìn tàbí kò rìn, nítorí pé omi inú rẹ̀ máa ń hó nígbà tí bíréékì bá gbóná, ẹsẹ̀ yín yóò sì kàn rì sílẹ̀ ni. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tí wọ́n kọ DOT sí: bí nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Táyà lè dán, kó ní eyín dáadáa, kó sì ti gbó. Bákan náà ni táímíìn bẹ́ẹ̀tì. Audi TT àkọ́kọ́, tí wọ́n ṣe láti 1998 sí 2006, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 1.8, bẹ́ẹ̀tì ló ń lò. Bó bá já lórí eré, fáàfù yóò gbá písítìn, ẹ́ńjìnnì ti lọ nìyẹn. Bí ẹ kò bá mọ ọjọ́ tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kà á sí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀ rí.

Ẹ̀kẹta ni gbèsè àbímọ́ni, ìyẹn àrùn tí ọkọ̀ gbé wá láti ilé iṣẹ́. Èyí ló mú ọ̀dọ́mọkùnrin wa pẹ̀lú. Ẹ́ńjìnnì SLK 350 tí wọ́n gbé jáde ní 2004 ni wọ́n ń pè ní M272. Nínú àwọn àkọ́kọ́, irin jíà kékeré kan tó wà lórí ọ̀pá tó ń dín gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì kù kò le tó; ṣéènì máa ń jẹ eyín rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, iná ẹ́ńjìnnì á tàn, ẹ́ńjìnnì á sì máa ṣiṣẹ́ ségesège. Jíà náà fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n. Ohun tó wọ́n ni pé ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ jáde nínú ọkọ̀ kí ọwọ́ tó dé ibẹ̀. Kò sí ọ́ìlì tí ẹ lè yí tí yóò wo àrùn yìí. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì ló ń sọ bóyá ọkọ̀ wà lára àwọn tó ní in, ẹ sì lè bèèrè rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Toyota Celica GT ti 2000 sí 2005 ní tirẹ̀: ẹ́ńjìnnì 1ZZ, tó jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú ti Corolla, páàtì rẹ̀ sì rọrùn láti rí, ṣùgbọ́n àwọn àkọ́kọ́ máa ń mu ọ́ìlì. Ẹni tó bá mọ̀, á máa yọ ọ̀pá ọ́ìlì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀, á gbọ́ ọ lójú ọ̀nà.

Lọ́kọ́jà tún fi tirẹ̀ kún un. Táyà SLK 350, 225/45 níwájú, 245/40 lẹ́yìn, kò ṣeé gbé ti iwájú sẹ́yìn. Bí ti ẹ̀yìn bá jẹ, méjì tuntun ni. Rọ́bà tó wà láàárín rímù àti kòtò kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Ẹ wá rántí ọdún 2012 àti 2022 tí odò Ọya àti Bẹ́núé kún, tí omi bo Ganaja, tó sì ní 2022 gé ọ̀nà Àbújá ní Koton Karfe. Ọkọ̀ tó sún mọ́lẹ̀ báyìí kò gbọ́dọ̀ wọ omi. Ibi tí Corolla ti kọjá, ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ lè fa omi mu.

Ní báyìí, mo fẹ́ bá òwe yẹn jiyàn. Ó tọ̀nà fún ẹni tó ti ra ọkọ̀. Nígbà tí ọ́ìlì bá tó yí, ẹ má wo ẹnu àáké: ojúlówó ni kí ẹ rà. Ẹ má fi omi inú ọ̀rá sínú rédíétọ̀, ẹ má fi bíréékì ayédèrú rọ́pò. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí kò tíì rà, òwe náà ń ṣì í lọ́nà, mo sì sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà. Àáké tiwọn, bí ẹnu rẹ̀ bá kú, alágbẹ̀dẹ tó rọ ọ́ wà ládùúgbò. Bremen ní Jámánì ni wọ́n ti rọ SLK, dọ́là ni wọ́n sì fi ń pọ́n ọn. Ẹni tí kò bá wo ẹnu irú àáké bẹ́ẹ̀ kí ó tó gun àpáta, àáké ló máa jẹ owó rẹ̀, kò ní fi ẹnu kan oyin.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ mú nọ́ńbà VIN ọkọ̀ náà, ẹ fi wo ìtàn rẹ̀ lórí Carfax. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láìtíì tan ẹ́ńjìnnì: iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn, kó sì kú lẹ́yìn tí ẹ bá tan ọkọ̀. Bí kò bá tàn rárá, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti yọ gílóòbù rẹ̀. Ẹ mú ẹni tó ní kọ̀ǹpútà lọ, kó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nu àṣìṣe inú rẹ̀ kúrò. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, ẹ wo abẹ́ rẹ̀ fúnra yín. Lẹ́yìn èyí, ẹ ya ìdá kan nínú mẹ́rin iye tí ẹ fẹ́ fi ra ọkọ̀ náà sọ́tọ̀ fún ọdún àkọ́kọ́, kí ẹ má sì ná an sórí nǹkan mìíràn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá gbà á, ẹ yí ọ́ìlì, fílítà àti ọ́ìlì bíréékì, ẹ kọ ọjọ́ àti nọ́ńbà dáṣíbọ́ọ̀dù sínú ìwé, kí ẹ sì máa kọ ọ́ nígbàkúgbà tí ẹ bá tún ṣe sáfíìsì. Bí owó ọdún àkọ́kọ́ kò bá sí nílẹ̀, ẹ fi ọkọ̀ eré sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹ ra Corolla, ẹ máa yí ọ́ìlì rẹ̀ lásìkò, kí ẹ sì máa fi owó tó bá ṣẹ́kù pamọ́ de ọkọ̀ tí ọkàn yín ń fẹ́.