Bí Àṣejù Jíìnì Ṣe Ń Mú Kí Jẹjẹrẹ Ẹnu Gbilẹ̀

Ní ìlú Enugu, bí àlejò bá wọlé, obì ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé síwájú rẹ̀. Níbi ayẹyẹ oyè, áṣáà, èyí tí àwọn Igbo ń pè ní utaba, sábà máa ń tẹ̀lé obì náà. Ẹlòmíràn ń fà á símú, ẹlòmíràn ń fi í sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ilé-iṣẹ́ Ìwádìí Jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka tábà tí a kò fi iná sí mọ́ àwọn ohun tí ó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ ẹnu. Bí a bá tún fi ọtí líle kún un, ewu náà a pọ̀ sí i.

Báwo ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀? Nínú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni jíìnì wà, ìyẹn àkọsílẹ̀ àjogúnbá tí ó ń pàṣẹ irú èròjà purotéènì tí sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe àti ìwọ̀n rẹ̀. Májèlé inú tábà a máa ba àkọsílẹ̀ yìí jẹ́. Nígbà mìíràn, jíìnì kan a máa pàṣẹ láìdákẹ́, purotéènì rẹ̀ a sì pọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Àṣejù jíìnì ni a ó pe èyí, nítorí a kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá mìíràn tí ó bá a mu jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èyí tí a mọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ ẹnu ni ti jíìnì EGFR. Purotéènì rẹ̀ dúró sí ojú sẹ́ẹ̀lì bí olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà: bí ìròyìn ìdàgbàsókè bá dé, ó gbà á wọlé, sẹ́ẹ̀lì náà a sì pín sí méjì. Stanley Cohen, onímọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ṣàwárí èròjà tí ó ń mú irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ wá, gba ẹ̀bùn Nobel pẹ̀lú Rita Levi-Montalcini ní ọdún 1986. Nínú ẹnu tí ó dá ṣáṣá, iṣẹ́ olùṣọ́ yìí ní òpin. Bí eegun ẹja bá gún wa ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, sẹ́ẹ̀lì a pín, ojú egbò a dí, ó parí. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí ó ju ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá àwọn jẹjẹrẹ orí àti ọrùn, tí jẹjẹrẹ ẹnu wà lára wọn, olùṣọ́ ti pọ̀ jù, ìpínyà sẹ́ẹ̀lì kò sì mọ ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró. Jíìnì mìíràn a tún dara pọ̀: VEGF ń fa iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun wá bọ́ kókó náà, PD-L1 sì ń tan àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń dáàbò bo ara jẹ kí wọ́n má bàa kọlù ú.

Ìmọ̀ yìí ni ó bí oògùn cetuximab, tí ó ń dí EGFR lọ́nà. Ọdún 2006 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún jẹjẹrẹ orí àti ọrùn. Nínú ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní 2008, èyí tí a fi aláìsàn 442 ní Yúróòpù ṣe, tí àrùn wọn ti padà wá tàbí ti tàn ká, ìdajì àwọn tí ó gba cetuximab kún oògùn wọn lo ju oṣù 10.1 lọ láyé. Ti àwọn yòókù jẹ́ oṣù 7.4. Àǹfààní ni, ṣùgbọ́n kò tó oṣù mẹ́ta. Ohun tí ó tún ṣòro ni pé wíwọn bí EGFR ti pọ̀ tó kò fi ẹni tí oògùn náà yóò bá lára mu hàn. Ti PD-L1 yàtọ̀: pembrolizumab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2019 gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀, ń ṣiṣẹ́ dáadáa jù lára ẹni tí PD-L1 rẹ̀ pọ̀.

Oògùn méjèèjì wọ́n gan-an. Iṣẹ́ abẹ ṣì ni ìpìlẹ̀ ìtọ́jú jẹjẹrẹ ẹnu, ìtànṣán a sì tẹ̀ lé e bí ó bá yẹ. Ó dùn wá pé ọ̀pọ̀ aláìsàn ní Nàìjíríà kì í dé ọ̀dọ̀ dókítà títí àrùn yóò fi dé ìpele kẹta tàbí ìkẹrin, nígbà tí ọ̀bẹ nìkan kò tó mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí egbò ẹnu kò bá san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bí àbàwọ́n funfun tàbí pupa bá wà lára ahọ́n tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, bí eyín bá ń mì láìnídìí, tàbí bí kókó bá yọ lọ́rùn, ẹ lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín. Ẹni tí ó wà ní Enugu lè lọ sí Ilé Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Nàìjíríà, tí ó kó lọ sí Ituku-Ozalla ní 2007. Dókítà yóò fi oògùn pa ibẹ̀ kú, yóò gé ẹran kékeré níbẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́ sí yàrá àyẹ̀wò.