Àròkọ Oníròyìn: Ìrọ̀lẹ́ Kan Tí N Kò Lè Gbàgbé

Akẹ́kọ̀ọ́, nínú àròkọ oníròyìn, má kàn sọ pé inú ẹnì kan dùn. Jẹ́ kí òǹkàwé rí ohun tí ó mú inú rẹ̀ dùn. Àpẹẹrẹ nìyí:

Ní ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò Ògùnpa kún àkúnya n'Ìbàdàn. Ó gbé ilé, ó gbé dúkìá, ó sì gbé ẹ̀mí lọ. Bàbá kan pàdánù ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó wá sá di àbúrò rẹ̀ ní àdúgbò wa ní Mọ́kọ́lá. Kì í jáde síta.

Nígbà tí ó ṣe, ọyẹ́ dé. Ètè là, eruku bo òrùlé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn àgbà gbé ọpọ́n ayò sábẹ́ igi máńgòrò bí ìṣe wọn. Wọ́n ka ọmọ ayò 48, mẹ́rin mẹ́rin, sínú ihò 12. Bàbá yọjú. Kò sí ẹni tí ó bi í léèrè ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀kan nínú wọn kàn sún fún un lórí bẹ́ǹṣì, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó kàn yín o." Wọ́n pa á láyò lẹ́ẹ̀mẹta. Àwọn òǹwòran ń pariwo pé, "Ọ̀pẹ rèé o!" Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nìyẹn.

Ọyẹ́ kò dẹwọ́, ṣọ́ọ̀bù kò sì padà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà Bàbá kò dá jókòó mọ́. Òótọ́ ni àwọn àgbà sọ: ènìyàn laṣọ.

Ìdánrawò: Kọ àròkọ lórí "Ohun tí ó ń fún mi láyọ̀ ní àdúgbò mi."