Ọ̀fọ̀ Ọmọ ní Ìdílé Mandela

Bí arúgbó bá kú ní ilẹ̀ Yorùbá, a máa ń lu ìlù, a máa ń jẹ, a sì máa ń mu, nítorí pé ó fi ọmọ sáyé lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́ bá kú, ọ̀fọ̀ ni. Gẹ́gẹ́ bí àṣà àtijọ́, kíákíá ni a ń sin ín, bàbá àti ìyá rẹ̀ kì í sì í tẹ̀lé e dé ojú oórì. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti ilẹ̀ mìíràn wá lè ka èyí sí àìláàánú. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ náà àwọn obìnrin ilé yóò yí ìyá ká, àwọn ọkùnrin yóò jókòó ti bàbá, wọn kò sì ní jẹ́ kí ó dá wà. Wọn yóò máa wí fún wọn pé omi ni ó dànù, agbè kò fọ́: ọmọ lọ, ṣùgbọ́n ìyá tí ó bí i ṣì wà.

Àṣà yìí ni mo fẹ́ kí a fi wo ìtàn ìdílé kan ní Johannesburg, ìdílé Nelson Mandela, tí jàm̀bá ọkọ̀ ṣọ̀fọ̀ fún lẹ́ẹ̀mejì.

Ilé kékeré kan wà ní Orlando West, ní agbègbè tí a ń pè ní Soweto lónìí. 8115 ni nọ́ńbà rẹ̀. Mandela àti Evelyn, aya rẹ̀ àkọ́fẹ́, kó sí ibẹ̀ ní 1946, pẹ̀lú Thembi àkọ́bí wọn. Ní July 1969, nígbà tí Mandela ti lo ọdún márùn-ún ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Robben Island, wáyà kúkúrú kan tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ pé jàm̀bá ọkọ̀ ti pa Thembi. Ọmọ ọdún 24 ni, òun náà sì ti bí ọmọ méjì. Ní September 1968 ni ìyá Mandela kú, wọn kò sì jẹ́ kí ó lọ sin ín.

Ó tún bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá òun lọ síbi ìsìnkú ọmọ òun, òun yóò sì padà. Ó ka a sí ojúṣe bàbá láti rí i pé ẹ̀mí ọmọ rẹ̀ sinmi ní àlàáfíà. Wọ́n kọ̀. Lẹ́tà ni wọ́n gbà fún un láti kọ sí Evelyn. Winnie, tí ó fẹ́ lẹ́yìn Evelyn, pàápàá wà ní àtìmọ́lé ní Pretoria. Ní ọjọ́ tí wáyà náà dé, Mandela dùbúlẹ̀ sínú yàrá rẹ̀, kò jáde wá jẹun alẹ́. Walter Sisulu, ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọlé, ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó gba wáyà náà, kò sọ ohunkóhun, ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ẹ kíyèsí ìyàtọ̀ tí ó wà níhìn-ín. Bàbá Yorùbá kò dé ojú oórì ọmọ rẹ̀, Mandela náà kò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ará ilé ni ó dá ti àkọ́kọ́ dúró, wọ́n sì bá a jókòó. Ìjọba ni ó dá èkejì dúró. Sisulu nìkan ni ó ṣe iṣẹ́ tí odindi agbo ilé ì bá ṣe.

Ní alẹ́ 10 June 2010, a ṣe àríyá orin ìdíje Ife Àgbáyé ní pápá ìṣeré Orlando, ní Soweto kan náà. Zenani, ọmọ-ọmọ-ọmọ Mandela, wà níbẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 13 ní ọjọ́ tí ó ṣáájú ni. Bí ó ti ń lọ sílé ní òru, jàm̀bá ọkọ̀ pa á ní ọ̀nà ńlá M1. Ilẹ̀ mọ́ sí ọjọ́ tí gbogbo ayé ń retí láti rí Mandela, ẹni ọdún 91, ní pápá Soccer City. Kò lọ. Àwọn kan lè wí pé ayẹyẹ orílẹ̀-èdè ju ọ̀rọ̀ ilé lọ. N kò lè bá wọn sọ bẹ́ẹ̀ nípa ẹni tí a ti fi ipá yọ kúrò nínú ọ̀fọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ní 17 June, wọ́n ṣe ìsìn ìsìnkú Zenani ní ilé ìsìn St Stithians College, ní Johannesburg. Ní ilẹ̀ wa, a kì bá tí jẹ́ kí irú bàbá àgbà bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ibẹ̀. Mandela lọ, Graça Machel, aya rẹ̀, sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Lójú tèmi, bàbá tí wọ́n kọ̀ fún ní 1969 ni ó jókòó níbẹ̀, kò sì sí ẹ̀ṣọ́ tí yóò bi í léèrè ìgbà tí yóò padà.